Ihò Kan, Ọta Márùn-ún

Kò sí fọkanáísà tó mọ atẹ́gùn tó mi ní gbogbo Ọ̀fà. Bí táyà bá ń jò níbi tí ojú ò lè rí, àwọn yòókù á máa ti rọ́bà bọ omi kiri bí ẹni ń fọ aṣọ ọmọ. Èmi á kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, màá fi ìka kàn án, màá ní, "Ibí ni." Iṣẹ́ yìí ni mo fi kọ́ ilé yàrá márùn-ún, òun ni mo fi rán ọmọ mẹ́ta dé ilé-ìwé gíga, èmi tí ìwé tèmi parí sí kíláàsì kẹrin. Ìwé ò fẹ́ mi nígbà náà, èmi náà ò sì bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n yàrá márùn-ún pọ̀ fún ẹnì kan. Ìyàwó mi lọ sí Ìlọrin lọ bá ọmọbìnrin wa gbé ọmọ jòjòló. Ó ní ogójì ọjọ́ lòun máa lò. Ó ti wọ ọdún kẹta báyìí, ọmọ náà ti ní àbúrò. Àwọn ọmọ mi yòókù, ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Àbújá, ọjọ́ iléyá ni wọ́n máa ń rántí ọ̀nà. Àwọn tó sì máa ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà mi láyé ijọ́un, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ti kó bẹ́ǹṣì wọn lọ sọ́dọ̀ oníbátìrì tó wà lódìkejì títì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi pọ̀, wọ́n ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ rí tí mi ò tíì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ti ṣe é ńkọ́? Ṣé kí n purọ́ pé mi ò ṣe é?

Báyìí ni nǹkan ṣe rí nígbà tí Ọ̀gá gbé táyà wá. Ará Èkìtì ni, Kìrìsìtẹ́nì, ó ń ṣiṣẹ́ ní Pólì wa níbí, nínú yàrá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Ọ̀gá ni mo ń pè é. Òun ń pè mí ní Alhaji. Mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà, ṣùgbọ́n mi ò bá a jiyàn.

Ó ṣí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀ kí n lè yọ táyà apọ́jú, èyí tí wọ́n ń pè ní sípéà, mo sì rí ọ̀pá ìbọn kan nínú àpò ìrẹsì. Mo fà sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀ ń ṣọdẹ ni?"

"Rárá o, Alhaji. Ìbọn atẹ́gùn ni. Ìwé ni mo máa ń yìn ín sí."

"Ìwé báwo?"

"Ìwé pélébé. Ẹ ó ya òbìrípo sára rẹ̀, ẹ ó wá máa wá àárín. Eré ìdárayá ni. Ṣùgbọ́n èyí ti kú. Ọta rẹ̀ ń jáde bí itọ́ arúgbó."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Atẹ́gùn ló ń jò. Ẹ gbé e sílẹ̀ fún mi."

"Ṣé ẹ ti tún irú rẹ̀ ṣe rí?"

"Ọ̀gá, ta lẹ rò pé ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Bí ẹ bá jí i dìde, ẹ máa lò ó. Mo ní òmíràn nílé."

Báyìí ni mo ṣe di oníbọn. Èyí sì ni àkọ́kọ́ ohun tí màá sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí owó ò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀: má wá tuntun. Wá èyí tó ti kú lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ atẹ́gùn.

Mo tú u palẹ̀ lórí páálí. Nígbà tí mo rí inú rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ẹ bá ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀, ẹ ti ń ti sípíríìn kan sẹ́yìn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka fà á, sípíríìn á ti póńpù, póńpù á ti atẹ́gùn, atẹ́gùn á ti ọta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Póńpù kẹ̀kẹ́ ni ẹnì kan fi igi sí nídìí. Wáṣà awọ tó wà lẹ́nu póńpù náà ló ti gbẹ tó fà ya. Mo kọ́kọ́ gé rọ́bà tíúbù tírélà sí i, kò pẹ́ tó fi họ. Mo lọ bá aṣebàtà, ó gé awọ tó nípọn fún mi, mo rẹ ẹ́, mo fi òkúta lọ̀ ọ́ títí ó fi wọlé ṣinṣin.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣe àṣìṣe kan. Ẹni tó bá ti dúró ti mẹkáníìkì rí mọ̀ pé irin tó bá ń lọ tó ń bọ̀, òróró ló ń fẹ́. Mo da òróró ẹ́ńjìnnì sí i, mo dà á dáadáa, mo gbé ìbọn lọ sẹ́yìn ilé, mo sì fà á.

Gbàà!

Èéfín bo ojú mi. Àwọn adìẹ fò lọ sórí òrùlé. Alhaja tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín ti gun orí àpótí, orí rẹ̀ yọ lókè ògiri pẹ̀lú híjáàbù tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ni wọ́n pa? Ta ni wọ́n pa o?"

"Wọn ò pa ẹnikẹ́ni, Alhaja. Òróró ló bú."

"Òróró kẹ̀! Òróró wo ló ń dún bí ajínigbé? Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru!"

Nígbà tí mo ròyìn fún Ọ̀gá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nu. Ó ní mo ti sọ ìbọn di ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, pé bí atẹ́gùn bá ti fún mọ́ra lójijì báyẹn, ó máa ń gbóná, òróró inú rẹ̀ á sì gbiná. Inú bí mi pé atẹ́gùn ṣe ohun tí mi ò mọ̀. A nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, mo fi òrí díẹ̀ pa awọ náà lára, díẹ̀ báyìí, bí èyí tí èèyàn fi ń pa ètè lásìkò ọyẹ́. Láti ọjọ́ náà, ó ń dún pọ́, bí ẹni la ọwọ́ mọ́ ìrọ̀rí. Ọta rẹ̀ ń lọ tààrà.

Ọ̀gá ní ká tó yìn ín léraléra, ká lọ fi han àwọn ọlọ́pàá, ká sì sọ fún àwọn àgbà àdúgbò. A lọ. Lásìkò tí ayé rí báyìí, ẹni tó bá gbé ohun tó jọ ìbọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Wọ́n wò ó, wọ́n bi wá ní ìbéèrè, a gba ìwé wa, a sì bá tiwa lọ.

Ẹ̀yìn ilé mi ni pápá wa. Mo ti gbé ògiri búlọ́ọ̀kù kan dìde síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kò kọjá ibẹ̀. Ọ̀gá fi téèpù wọn mítà mẹ́wàá, mo ya ilà sílẹ̀. A kó amọ̀ tútù sínú garawa ọ̀dà, a dà á dùbúlẹ̀ níwájú ògiri kí ọta lè rì sínú rẹ̀, kó má baà ta padà. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ la fi ṣe káàdì tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹnu garawa náà. Ìdérí agolo mílíìkì ya òbìrípo ńlá, ìdérí ìgò ya ti àárín, a fi báírò kun inú rẹ̀ dúdú. A fi ọwọ́ ya òmíràn sáàárín wọn, a sì fún wọn ní máàkì: mẹ́wàá ni àárín, ó ń dín bó ṣe ń lọ síta. Ọta nìkan la ń rà ní Ìlọrin, agolo kékeré kan, ọta tó tín-ín-rín bí orí ìṣó tó sì ní ìbàdí bí obìnrin. Kó má baà tán kíákíá, márùn-ún péré la ń yìn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí mo bá kírun àlàásárì.

Mo rò pé ọjọ́ kìíní ni màá fi han Ọ̀gá pé ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ṣé orúkọ ìlú wa kọ́ ni ọfà? Baba ńlá wa tafà, àwa náà á sì wá kọ́ bí a ṣe ń yìnbọn? Mo dì í mú gírígírí bí ẹni mú ọ̀tá lọ́rùn. Ọta márùn-ún lọ, méjì bá káàdì, mẹ́ta wọ amọ̀.

Ọ̀gá ní, "Alhaji, ẹ má bá a jà. Ìbọn yìí máa ń ta sẹ́yìn kí ọta tó jáde. Bí ẹ bá dì í mú, ẹ ó yí i. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ bí ọmọ tó ń sùn."

"Ọmọ wo ló ń sùn tó ń pa èèyàn?"

"Kì í pa èèyàn. Ẹ má sì wo ìwé. Irin kékeré tó dúró lẹ́nu ọ̀pá yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò, kí ìwé ṣe bàìbàì. Ẹ mí sínú, ẹ mí ìdajì síta, ẹ dá èyí tó kù dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá tòmátò pọ́n."

Mo dá a lóhùn pé mo mọ̀. Mi ò mọ̀. Èmi tí mo ja ìjàkadì ní èwe mi tí ẹ̀yìn mi ò kan ilẹ̀, ó gbà mí ní oṣù púpọ̀ kí n tó lè fi nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́ mi láìdì í mú. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀. Èèyàn méjì ló sì ń ja ìjàkadì. Mo rò pé ti ìbọn yìí yàtọ̀, pé ẹnì kan tó.

Àríyànjiyàn wa àkọ́kọ́, lórí ihò ni. Ihò kan kan ilà òbìrípo, mo ní inú ló wà, Ọ̀gá ní ìta ni. Ní Sátidé kejì, èyí tó kan ilà lórí káàdì tirẹ̀, ó kà á mọ́ inú. Inú mi ò dùn. Mo dìde dúró.

"Láti òní lọ, Ọ̀gá, ẹni tó bá yìn ín kọ́ ló máa kà á. Èmi á ka tiyín, ẹ̀yin á ka tèmi. Èyí tí ẹnì kejì ò bá sì kà, kò sí."

"Kódà bó bá jẹ́ àárín gan-an ló bá?"

"Kódà bó bá jẹ́ àárín. Èyí tí ẹnì kejì ò kà, kò sí."

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Èmi ni mo dá òfin náà, mo sì ń yọ̀ pé mo dá a, nítorí pé ó mú kí á ní láti jọ rìn lọ sídìí káàdì. A ó jọ bẹ̀rẹ̀. Á ti gíláàsì rẹ̀ sókè, á fi ìdí báírò kan ihò kọ̀ọ̀kan: "Mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án. Méje. Èyí, Alhaji, ẹ má bínú, ìta ni." A ó jẹ ẹ̀pà tó rà bọ̀. Ìgbà mìíràn, a ò ní sọ̀rọ̀ mìíràn títí yóò fi lọ. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mò ń dúró dè láti ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Mo rò pé ìbọn ni.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Ó kó lọ sí ìlú rẹ̀ ní Èkìtì. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo fẹ́ atẹ́gùn sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un, mo fẹ́ ẹ sí ti apọ́jú pẹ̀lú, mo tún padà lọ wo ti ẹsẹ̀ òsì nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Ó ní, "Alhaji, atẹ́gùn ti tó."

Mo ní, "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sọ bóyá ó tó."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wa ọkọ̀ lọ.

Mo ń yìn ín lọ ní tèmi. Bí pọ́ àkọ́kọ́ bá ti dún lọ́jọ́ Sátidé, Alhaja á kí mi láti òdìkejì ògiri bí wọ́n ṣe ń kí ọdẹ.

"Àrìnpa o! Kí lẹ pa lónìí?"

"Ìwé."

"Ẹ bá mi fi itan rẹ̀ kan ránṣẹ́, kí n fi se ọbẹ̀."

Á rẹ́rìn-ín, á wọlé. Tèmi náà á tán síbẹ̀. Màá rìn lọ sídìí káàdì, màá bẹ̀rẹ̀ ní èmi nìkan, màá ti ọwọ́ bọ àpò. Èwo ni kí n kà? Ta ni kí n bá jiyàn?

Lẹ́yìn náà ni Sátidé kan dé. Òjò àárọ̀ ti rọ̀ tó ti dá, afẹ́fẹ́ ò mi ewé, oòrùn wà lẹ́yìn mi. Mo ti po amọ̀ tuntun sínú garawa láàárọ̀, kò sí ọta kan nínú rẹ̀. Mo jókòó, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, mo mí. Mi ò rò nǹkan kan. Mi ò lè sọ bó ṣe rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọn ń dún, mi ò sì mọ ìgbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Mo yin ọta márùn-ún.

Nígbà tí mo dé ìdí káàdì, ihò kan ṣoṣo ni mo rí. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ àárín, ní apá òsì, ó kan dúdú. Mo ṣépè. Mo rò pé mẹ́rin ti lọ sínú ògiri. Mo wá wò ó dáadáa. Ihò náà tóbi ju ti ọta kan lọ, etí rẹ̀ sì rún bí ibi tí eku jẹ. Mo yọ káàdì, mo ti ìka bọ amọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọlé. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ti kan òjé ọta. Mo fa gbogbo rẹ̀ jáde. Márùn-ún ni, ọ̀kan gun èkejì lórí, wọ́n pẹlẹbẹ wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n fún.

Mo yí ojú padà láti sọ ọ́. Àga kejì wà níbẹ̀. Nítòótọ́, mi ò tíì gbé àga náà kúrò láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Gbogbo ìgbésí ayé mi ni mo ti ń sọ pé mo lè ṣe nǹkan wọ̀nyí. Mo ti sọ èyí tí mo ṣe, mo sì ti sọ èyí tó ku díẹ̀ kí n ṣe. Àwọn èèyàn ti gbọ́ títí, etí wọn ti kún. Ọjọ́ tí mo wá ṣe ohun tó ju ẹnu mi lọ, kò sí ojú kankan níbẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá gbà á, yóò lọ sáàárín àwọn ìtàn mi yòókù, yóò kú síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó kú.

Mo pe ìyàwó mi.

"Dádì, ẹ kú ilé. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Gbọ́ ná. Ihò kan, ọta márùn-ún!"

"Ihò níbo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ògiri ilé lu o. Ẹni tó kun ún ti kó lọ sí Ọ̀yọ́."

"Lórí káàdì ni! Gbogbo wọn gba ojú kan wọlé!"

"Ó dáa náà, Dádì. Yéè, ọmọ ti da omi gbígbóná, màá pè yín padà."

Ọjọ́ Ajé ló pè mí padà, ọ̀rọ̀ gáàsì ìdáná ló sì bá wá.

Mo gbé káàdì lọ sódìkejì títì, sọ́dọ̀ oníbátìrì. Àwọn ọlọ́kadà gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ọ̀kan ní, "Alhaji, ihò kan rèé tẹ́ ẹ sọ ọ́ di márùn-ún. Ẹ bá mi sọ ọ̀kadà mi yìí di márùn-ún náà."

Òmíràn fi ojú kan yọjú láti inú ihò náà. "Mo rí i! Mo rí mẹ́rin tó kù! Wọ́n ti dé ìlú Òjòkú!"

Mo nawọ́ òjé márùn-ún tó lẹ̀ pọ̀ náà sí wọn. Wọ́n ní ẹni tó ní iná àti òòlù lè ṣe irú rẹ̀. Òótọ́ ni, mo ní iná, mo ní òòlù. Mo gba káàdì mi, mo padà sábẹ́ àtíbàbà.

Ọ̀gá ló kù. Mo ya àwòrán káàdì lórí fóònù, mo ya ti òjé, mo fi ohùn mi tẹ̀lé e, nítorí pé ìka mi ò yá lórí lẹ́tà. Mo ṣàlàyé amọ̀ tuntun, mo ṣàlàyé òjò. Mo ń wo fóònù bí ẹni ń wo omi kó hó. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ohùn rẹ̀ wọlé. Mo ń gbọ́ àkùkọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Alhaji, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i. Mo wò ó títí. Bó bá ṣe pé mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti kà á fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ ní ìparí. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà bóyá ní ìgbà ogún. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà, mo mọ ẹ̀rín ẹlẹ́yà dáadáa. Ó dà bí ẹni pé ó wu òun náà láti kà á.

Inú bí mi. Mo ní, ṣé òun nìkan ló ní ojú ni? Mo lọ bá Alhaja. Obìnrin náà fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní káńsù ní Ilémọ̀nà kó tó fẹ̀yìn tì. Mo rò pé bí irú rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i nìyẹn. Ó gba káàdì, ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́.

"Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ sí?"

"Pé márùn-ún ni."

"Ojú mi ò sí níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ní káńsù, mi ò fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí. Ẹ yin òmíràn, kí n wò ó."

Ó kúkú wá ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Ó jókòó sórí àga kejì, ó gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó fi ìka di etí méjèèjì kí n tó gbé ìbọn sókè. Mo fi ọ̀nà hàn án: ibí ni àárín, ibí ni ìta, èyí tó bá kan ilà. Ó ní òun gbọ́, òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́.

Mo gbé e sí èjìká. Mo ń wo ìwé, mi ò wo irin. Mo dì í mú. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń rò ó pé, òní ni. Pọ́. Pọ́. Nígbà tí ìkarùn-ún lọ, mo ti mọ̀.

Ó dìde, ó lọ sídìí káàdì, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora orúnkún. Ó kà á sókè ketekete bí ẹni ń pe orúkọ níléèwé.

"Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta, èyí wà ní ìta. Ẹẹ́rin. Márùn-ún lẹ yìn, mẹ́rin ni mo rí." Ó yọ báírò láti inú àpò, ó kọ ọ́ sí igun káàdì, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Mẹ́rin ò burú, Alhaji. Ẹ̀yin ò sì kéré mọ́."

Ìbá dáa bó bá bú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ṣèlérí pé òun á tún wá, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ sí Èkó lọ tọ́jú orúnkún, kò sì tíì dé.

Mi ò lè sọ pé kì í ṣe ìwà mi ló fà á. Ihò kan yẹn, mo kà á fúnra mi, mo kà á kí ẹnikẹ́ni tó wò ó, mo sì gbé e ká gbogbo ìlú. Bí mo bá ti fi í sílẹ̀ lẹ́nu garawa bó ṣe wà, tí mi ò tọ amọ̀ rẹ̀, tí mo sì ránṣẹ́ pe ẹnì kan, ẹni náà ni ìbá fa òjé náà yọ. Ọwọ́ mi ló sáré. Ọwọ́ àti ẹnu.

Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe ń yìn ín nísinsìnyí. Lẹ́yìn àlàásárì, ọta márùn-ún. Bí wọ́n bá ti tán, màá gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, mi ò ní wojú káàdì. Màá fi páálí bò ó bí wọ́n ṣe ń bo oúnjẹ ẹni tí kò tíì dé. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà, màá fi ọ̀bẹ bu ú odindi, màá dì í mọ́ ọn nínú náílọ́ọ̀nù, màá kó wọn jọ sínú yàrá kan. Yàrá pọ̀. Kò rọrùn fún irú mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo mọ̀ nínú egungun mi pé ohun tó wà lábẹ́ páálí yẹn dára, tí ìka mi ń yún mi láti ṣí i. Mi ò ṣí i.

Ọ̀gá ní òun ń bọ̀ wá sí Ọ̀fà láti wá yanjú ìwé ìfẹ̀yìntì òun. Ó ti sún un síwájú nígbà mẹ́ta. Nígbà kan, ara rẹ̀ ni. Nígbà kan, ọkọ̀ ni. Nígbà kẹta, àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà ò dáa, kó má rìn. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, a kí ara wa tán.

Ó wá ní, "Mélòó ni káàdì yín báyìí?"

"Mẹ́tàdínlógún."

"Ẹ ò tíì kà wọ́n?"

"Ta ni yóò kà wọ́n?"

Ó jọ pé ó ti bọ́ gíláàsì rẹ̀, nítorí pé mo gbọ́ nígbà tó gbé nǹkan lé tábìlì.

"Ẹ fi wọ́n pamọ́," ló wí. "Ẹ má kà wọ́n o, Alhaji."

Mo ní mi ò ní kà wọ́n. Lẹ́yìn náà mo lọ po amọ̀.